Ìwé Ọ̀fẹ́ Tí A Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù: Ta Ni Yóò Tú Un Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìdámẹ́wàá, kì í sì í ṣe ti ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé àwọn ọmọ wa ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Pásítọ̀, kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìwé ilé ìwé?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Bí ìwé ọmọ kò bá kàn wá, a jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ kò kàn wá.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́, n ó sọ ọ́ kedere láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwé tí ọmọ kò lè gbé relé kì í ṣe ìwé ọ̀fẹ́. Ìwé ìjọba ni ó ṣì jẹ́. Bí wọ́n bá kó igba ìwé wá sí ilé ìwé, tí wọ́n tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi àgádágodo tì í, tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá ilé ìwé, igba ìwé náà kò yàtọ̀ sí igba búlọ́ọ̀kù. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ta ni ó yẹ kó bá ọmọdé gbé ohun tó wà lórí pẹpẹ sílẹ̀? Àwa àgbà ni. Àwa kan náà la jókòó tí a ń wo pẹpẹ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Láti ọdún 2004 ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti wà ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama ìjọba bá ń ṣe fún ọmọ. Kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ohun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan àga, kó tó kan oúnjẹ. Ó tún sọ pé ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti dẹ́ṣẹ̀. Ó lè san owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jìyà méjèèjì.

Ní ti owó, òfin kan náà ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ti ara rẹ̀ wá kún un. Láti inú owó yìí ni àjọ UBEC ti ń ra ìwé tí wọ́n ń kó lọ sí àwọn ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sí i lára pé kì í ṣe fún títà.

Mélòó nínú wa ló mọ èyí? Gbogbo wa ló mọ ohun tí Málákì sọ nípa ilé ìṣúra. A mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí ọmọ wa gba ìwé láìsan kọ́bọ̀, a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kì í ṣe fún títà fi ń bọ́ sórí àtẹ nígbà mìíràn, tí ìyá ọmọ fi ń san owó lé e, tó sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un.

ILẸ̀ WA NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ TI HÙ

Ó yẹ kí ojú ti àwa ará Ìjẹ̀bú ju ẹlòmíràn lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ilẹ̀ wa ni ó ti hù. Ta ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé àbá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù keje ọdún 1952? Olóyè Stephen Olúwọlé Awókòyà ni, ọmọ Àwà-Ìjẹ̀bú, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Mólúsì College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ni olórí ìjọba tó gbé e dúró? Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti oríṣiríṣi iṣẹ́ mìíràn ló sì fi tọ́ ara rẹ̀ nílé ìwé. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kúrò ní 456,600 tí wọ́n jẹ́ ní 1954, wọ́n di 811,432. Láàárín ọdún kan péré! Àwọn ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbàro, ọmọ ẹlẹ́mu, gbogbo wọn wọlé.

Ní 1979, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó wà níwájú nínú ìlérí ẹgbẹ́ UPN tó gbé e wọlé, ó sì wà lórí oyè títí ológun fi gbàjọba ní òpin ọdún 1983. Láìpẹ́ yìí, nígbà Gómìnà Ibikunle Amosun, láàárín 2011 sí 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ wa pín ìwé ọ̀fẹ́ fún àwọn ilé ìwé ìjọba. N kò wá kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, n kò sì wá bú ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí mò ń fà yọ ni pé ó lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń sọ fún wa nílẹ̀ yìí pé ẹ̀kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ dúró lórí àpò bàbá rẹ̀. Ṣé àsìkò yìí ni a ó wá gbà pé kí ìwé ọmọ dúró lórí kọ́kọ́rọ́ ẹnìkan?

ÌDÍ TÍ ÌWÉ FI WÀ NÍ ÀTÌMỌ́LÉ

Iṣẹ́ ọba ni èmi náà ń ṣe, nítorí náà n kò ní purọ́ mọ́ àwọn ọ̀gá ilé ìwé. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olè, wọn kì í sì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí ẹrù ìjọba bá wọlé, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù: iye tó dé, iye tó jáde, iye tó kù. Lọ́jọ́ tí ọ̀dítọ̀ bá dé, kò ní béèrè iye ọmọ tó ti mọ̀wé kà. Iye ìwé tó wà nílẹ̀ ni yóò béèrè. Bí wọ́n bá fún ọ ní igba tí igba sì pé, tó ń dán, tó ń rùn bí ìwé tuntun, a ó ní o ṣe dáadáa. Bí ogójì bá ti ya nítorí pé ọmọ ń kà á, a ó ní kí o ṣàlàyé lórí ìwé. Ọ̀gá tó gbọ́n yóò kọ́ ọgbọ́n kan níbẹ̀ kíákíá: kó tì í pa. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kò lè ya.

Ẹ̀yin ará, òdì gbáà nìyí. Ìwé kì í ṣe àwo tánńganran tí a gbé sí párlọ̀ de àlejò. Ohun èlò ni, bí ọkọ́ àti àdá. Àgbẹ̀ wo ló ń yangàn pé ọkọ́ òun kò jẹ láti ọdún márùn-ún wá? Bí ọkọ́ bá jẹ, ilẹ̀ ni ó fi roko. Bí ìwé bá gbó, orí ọmọ ni ó wọ̀ lọ. Èyí tó yẹ kí ọ̀dítọ̀ bínú sí ni ìwé ọdún mẹ́rin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ṣẹ́, tí ewé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ? Ẹ lọ sí ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ yín kí ẹ fojú ara yín rí i. Bí ìwé bá jáde rárá, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò da orí bo ẹyọ kan. Èyí tó jókòó láàárín ni yóò rí i kà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò máa wo ẹ̀yìn orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí aago bá lù, tíṣà yóò kó wọn jọ, yóò kà wọ́n, yóò kó wọn padà. Ọmọ yóò wá lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Láti agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní rí lẹ́tà kan ju ti ara bébà búrẹ́dì àti pósítà ìpàdé ìsọjí tiwa lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìwé nílé tí yóò bá. Nínú ìwádìí ilé dé ilé tí àjọ UNICEF máa ń bá àwọn orílẹ̀-èdè ṣe, wọ́n máa ń béèrè bóyá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ìwé ọmọdé mẹ́ta nínú ilé. Ìwé mẹ́ta péré! Ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ tó ní i kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Àjọ kan náà sọ ní 2023 pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní orílẹ̀-èdè yìí, mẹ́ta kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò kékeré. A ń pè é ní ọpọlọ dídì. A ń mú ọmọ lọ sórí òkè kí wọ́n gbàdúrà fún un. Ará, ẹ kọ́kọ́ fún un ní ìwé ná.

ÀWỌN ÀWÁWÍ WA

Mo mọ èsì tí àwọn kan ti ní lẹ́nu. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ yóò ya á. Òótọ́ ni, díẹ̀ yóò ya. A máa ń ra bàtà fún ọmọ tí a mọ̀ pé yóò já, a sì ń ra yunifọ́ọ̀mù tí a mọ̀ pé yóò fàya. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé nìkan ni a fẹ́ kó pẹ́ ju ọmọ lọ?

Èkejì ni pé àwọn òbí yóò fi di àkàrà, tàbí kí wọ́n tà á. Ẹni tó ń sọ èyí, ṣé ó ti fún wọn rí? Àwọn ìyá tí mo mọ̀ ní ọjà Òkè-Àjé, tí wọn kò lè ka orúkọ ara wọn, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé ju èyí tí àwa tó kàwé ń fún un lọ. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń wé e sí, abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ìtìjú ni kí a máa fi ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn kò tíì dá dá a lẹ́jọ́, kí a sì fi jẹ ọmọ rẹ̀ níyà.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀fẹ́ kì í níyì. Kí Onígbàgbọ́ máa sọ bẹ́ẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mélòó la san lórí ìgbàlà? Bí ọ̀fẹ́ kò bá níyì, kí ni a wá ń wàásù láti orí kẹ̀kẹ́ àti nínú ọkọ̀ èrò?

Ẹ̀kẹrin ni pé fóònù ti dé, ayé ti kọjá ìwé. Fóònù ta ni? Fóònù bàbá ni, bàbá sì ń gbé e jáde láàárọ̀. Bó bá wọlé lálẹ́, bátìrì ti kú, iná kò sí, dátà ti tán. Ìwé kò nílò iná NEPA. Ojú ọ̀sán àti ẹnu ọ̀nà ilé ti tó o.

Ẹ̀karùn-ún ni ó dùn mí jù, nítorí ó ti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jáde. Wọ́n ní ìwé ìtàn Yorùbá kún fún iwin, òrìṣà àti ìjàpá, pé kí ọmọ Ọlọ́run má fọwọ́ kàn án, pé Bíbélì nìkan ti tó. Mo ń béèrè: ta ló kọ́kọ́ tẹ ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní 1938? Ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ni! Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni ẹni tó kọ ọ́. Ta ló kọ Aláwìíyé tí àìlóǹkà bàbá àti ìyá wa fi mọ̀wé? J. F. Ọdúnjọ ni, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, tíṣà ilé ìwé ìjọ Àgùdà. Àwọn tó gbé ìhìnrere wá fún wa mọ̀ pé ẹni tí kò lè ka ìtàn ìjàpá kò ní lè ka ìwé Róòmù. A kò lè máa kígbe pé kí àwọn ọmọ ka Bíbélì nígbà tí a kò fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi mọ̀wé kà. Ẹ má gbàgbé pé nínú ẹ̀wọ̀n tí Pọ́ọ̀lù wà, nígbà tí òtútù ń bọ̀, aṣọ àti ìwé ni ó ní kí Tímótì mú bọ̀. Ìwé! Àpọ́sítélì tí ikú ń wò lójú ń béèrè ìwé.

Ẹ tún wo èyí. Ní November 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé ìwé. A jẹ́ pé ìwé Yorùbá tí kò bá sí nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ lè má rí i níbòmíràn mọ́. Ẹni tó bá wá ń ju ìwé Yorùbá sínú iná ní ìpàdé ìdáǹdè, kí ó mọ ohun tí ó ń jó.

Ẹ̀kẹfà ni pé iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ni, a kò sì gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ní Ìwòpín, létí omi níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ní yóò máa ṣe bébà ìkọ̀wé àti bébà ìtẹ̀wé. Àwa tí a ń gbé ẹ̀bá rẹ̀ mọ ibi tó já sí. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú bébà ìwé wa ti ń wá, nígbàkígbà tí náírà bá ṣubú, owó ìwé yóò fò sókè. Nítorí náà, kí a máa bi ìjọba léèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje kò lè dúró de ìjọba títí yóò fi di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bí ilé bá ń jó, a kì í jókòó máa retí panápaná láìbu omi.

ṢÉ ÀWA KÒ NÍ OWÓ NI?

Olórin obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Dolly Parton ni orúkọ rẹ̀. Abúlé òkè ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tí wọ́n ti ṣe aláìní. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Nítorí bàbá yìí, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1995 ní agbègbè ibi tí wọ́n ti bí i: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, máa gba ìwé kan lóṣooṣù lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Wọn kò kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé. Ilé ọmọ ni ìwé ń lọ, tirẹ̀ sì ni títí ayé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kan ṣoṣo. Nígbà tó fi di 2023, ìwé tí wọ́n ti pín ti lé ní 200 mílíọ̀nù, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè mélòó kan. Obìnrin kan, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé!

Ẹnìkan yóò ní Amẹ́ríkà nìyẹn, owó wà níbẹ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé àwa ni a kò ní owó? Ẹ wo Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹ wo bí àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ṣe ń jáde: aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, fìlà, bàtà, ẹṣin. Ẹwà ni, ògo ìlú wa ni, n kò sì ní kó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ya owó aṣọ ènìyàn márùn-ún sọ́tọ̀ fún ìwé ọmọdé lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń bá ara wọn figagbága lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń figagbága lórí aṣọ, mélòó nínú ilé Ìjẹ̀bú ni yóò kù láìní ìwé?

Kí a má sì fi ojú wo ìta nìkan. Ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta tí a ṣe, èló la ná lórí kánópì, jẹnẹrétọ̀, sípíkà àti pósítà tí fọ́tò pásítọ̀ gba ìdajì rẹ̀? Aṣọ ẹbí ìdúpẹ́ ọdún, èló ni? Lẹ́yìn náà, kí a wọ yàrá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé: ìwé kan ni olùkọ́ ní lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀. Ohun tí a ń bá ọ̀gá ilé ìwé jà lé lórí, àwa náà ń ṣe é nínú ilé Ọlọ́run.

Àwọn ìjọ tó ní ilé ìwé aládàáni ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ń yí ìwé padà lọ́dọọdún kí àbúrò má baà lè lo ti ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń ra ìwé tí ọmọ yóò kọ ìdáhùn sínú rẹ̀, tí yóò di àlòsọnù bí táàmù bá parí. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta yóò ra ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, a ó dúró sórí pẹpẹ, a ó wàásù àánú. Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí a ń fi ṣeré.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LÓṢÙ YÌÍ

N kò fẹ́ kí ẹ kà á tán kí ẹ kàn ní "Pásítọ̀ sọ̀rọ̀." Ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan wọ̀nyí.

Ìkíní, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nílé ìwé ìjọba, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, ní méjì méjì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìpariwo. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ìwé mélòó ni ìjọba kó wá? Níbo ni wọ́n wà? Ọjọ́ wo ni ọmọ mi lè gbé ọ̀kan relé? Ẹ má bú u. Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣetán láti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á. Ẹ jẹ́ kí ó di ìlànà pé kí ọmọ máa gbé ìwé lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó máa dá a padà ní ọjọ́ Ajé.

Ìkejì, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ilé ìwé pé ìwé tó gbó nítorí kíkà kì í ṣe ìwé tó sọnù. Gbólóhùn kan yìí, bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, yóò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ju igba ìwàásù lọ. Èmi tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wá ni ìwé tí yóò fi bo ara rẹ̀. Ẹ bá a wá a.

Ìkẹta, bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a máa ń gbé oyin, iyọ̀, omi àti àádùn kalẹ̀. Láti ìsinsìnyí, kí a gbé ìwé ọmọdé kan kún un, kí a kọ orúkọ ọmọ náà sí i, kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé. Kò sí ìdílé tí ọmọ ìjọ mẹ́wàá kò lè dáwó ìwé kan fún.

Ìkẹrin, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí ìwé kan tí kò ní àgádágodo. Ẹ kó ìwé tí àwọn ọmọ yín ti dàgbà kọjá wá. Ìwé tó ń jẹrà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, ìwé àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ fún ọmọ aládùúgbò rẹ, yálà Onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ̀ tàbí Mùsùlùmí. Kí ọmọ gbé ọ̀kan lọ lẹ́yìn ìsìn, kí ó dá a padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá dá a padà, ẹ má lé e. Ilé kan ti ní ìwé nìyẹn.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò mọ̀wé kà, ẹ má rò pé ẹ kò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ máa gé ẹ̀fọ́, ẹ máa yan gàrí, ẹ ní kí ọmọ jókòó tì yín kí ó máa ka ìwé sókè fún yín. Bí ó bá kà á tán, ẹ ní kí ó sọ ohun tó kà. Etí yín ni tíṣà. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun ń gbọ́ yóò tún kà á lọ́la.

Ẹ̀yin ará, àwọn bàbá wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ń kọ́ ilé káàkiri Ìjẹ̀bú: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìjọsìn alárinrin, gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ta ni a ń kọ́ wọn fún? Jésù ka ìwé nínú sínágọ́gù ní Násárétì, ó ṣí i, ó wá ibi tí wọ́n ti kọ nípa ìdásílẹ̀ àwọn òǹdè, ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó sì mọ̀wé kà. Bí wọ́n bá ti ti ìwé náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, kí ni ì bá kà?

Àwọn òǹdè wà ní ilé ìwé tó sún mọ́ ilé rẹ. Bébà ni ara wọn, kò sí ẹnu lára wọn tí wọn yóò fi ké. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, yà síbẹ̀. Béèrè kọ́kọ́rọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti béèrè, kí ó sì fi ọgbọ́n sí orí àwọn ọmọ wa. Àmín.